Ṣé o mọ̀? Ọ̀kadà, bàálù àti igi gẹdú: èwo ló léwu jù?

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ń wọn ewu ikú, bí ìyá onígààrí ṣe ń fi kóńgò wọn gààrí? Bẹ́ẹ̀ ni o! Ó ní òṣùwọ̀n. Ó ní iye. Ó tún ní orúkọ.

Micromort lorúkọ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ronald Howard ti yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde. Kó mílíọ̀nù kan ènìyàn jọ. Kí gbogbo wọn ṣe nǹkan kan náà. Kí ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn bá a lọ. Micromort kan nìyẹn.

Ó kéré, àbí? Gbọ́ èyí ná.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òfin ti sọ akoto di dandan fún ọlọ́kadà láti 1973, kìlómítà 9 péré lórí alùpùpù ti pé micromort kan. Mẹ́sàn-án!

Nínú káà ńkọ́? O máa rìn tó 320 kìlómítà kó tó pé ẹyọ kan.

Nínú bàálù ńkọ́? 20,000 kìlómítà. O ti fò yí ìdajì ayé ká!

Ó yá, gbé e wá sílé. Láti Lagos dé London tó nǹkan bíi 5,000 kìlómítà. Gbogbo ewu tó wà lójú òfurufú yẹn, láti Ìkẹjà, kọjá aṣálẹ̀ Sahara, kọjá òkun, kò ju ewu alùpùpù tí kò pé kìlómítà 2.5 lọ. Ọ̀kadà láti ilé dé gáréèjì! Ìyá tó ń gbààwẹ̀ torí pé ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọ bàálù, ọ̀kadà tó gbé ọmọ náà kúrò nílé ló yẹ kó kọ́kọ́ gbààwẹ̀ fún. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́.

Má tíì lọ. Ibi tó dùn jù ló kàn.

Ṣé o mọ̀ pé bàálù kan náà lè gba ipò kìn-ín-ní, kó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ipò ìkẹyìn, láìsí pé ẹnikẹ́ni parọ́? Ohun tí o bá pín iye òkú sí ló ń yí i padà.

Ìṣirò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1990 sí 2000 nìyí. Kọ́kọ́ pín in sí kìlómítà. Nínú bílíọ̀nù kan kìlómítà tí èrò bá rìn, bàálù pa 0.05. Bọ́ọ̀sì pa 0.4. Rélùwéè, 0.6. Káà, 3.1. Kẹ̀kẹ́ ológeere, 44.6. Alùpùpù, 108.9.

Mo fo ọ̀kan. Ẹsẹ̀! Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lẹ́bàá títì: 54.2. Ó ju ti káà lọ ní ìlọ́po 17. Ìwọ tó o ní o ò ní wọkọ̀, o ní o máa rọra fẹsẹ̀ gbá a, o gbọ́?

Ó dáa. Wá pín in sí ìrìn àjò. Ẹ̀ẹ̀kan tí o bá gbéra, ẹ̀ẹ̀kan náà la kà á, ìbáà gùn, ìbáà kúrú. Nínú bílíọ̀nù kan ìrìn àjò: bọ́ọ̀sì 4.3, rélùwéè 20, káà 40, ẹsẹ̀ 40. Bàálù? 117!

Háà! Bàálù tó gba ipò kìn-ín-ní lẹ́ẹ̀kan ti wá léwu tó káà ní ìlọ́po mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Bàálù kan náà o. Awakọ̀ kan náà. Òkú kan náà.

Ó tún kù. Pín in sí wákàtí. Nínú bílíọ̀nù kan wákàtí: bọ́ọ̀sì 11.1, rélùwéè 30, bàálù 30.8. Bàálù àti rélùwéè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba! Káà 130. Ẹsẹ̀ 220. Kẹ̀kẹ́ 550.

Alùpùpù? 4,840.

Wò ó dáadáa. Kìlómítà, alùpùpù ló kẹ́yìn. Ìrìn àjò, alùpùpù ló kẹ́yìn, pẹ̀lú 1,640. Wákàtí, alùpùpù náà ni. Gbogbo yòókù ń pààrọ̀ àga. Òun kò kúrò lójú kan.

Kí n tún fi ọ̀kan jọ ọ́ lójú? Ọkọ̀ Space Shuttle tí Amẹ́ríkà fi ń lọ sí ojú sánmà gbéra nígbà 135. Méjì ṣòfò: Challenger ní 1986, Columbia ní 2003. Ènìyàn 14 bá a lọ. Tí o bá pín in sí ìrìn àjò, ewu rẹ̀ ga débi pé ojú á là: nǹkan bí ènìyàn 17 nínú gbogbo ẹgbẹ̀rún tó bá wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n pín in sí kìlómítà. Ó já wálẹ̀ pátápátá! Ó sàn ju kẹ̀kẹ́ lọ. Ó sàn ju ẹsẹ̀ lọ.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ọkọ̀ báyìí ló fọkàn ẹni balẹ̀ jù, bi í léèrè kó tó mí: o pín in sí kí ni?

Ó yá, jẹ́ ká wá sí Èkìtì, ìpínlẹ̀ wa.

Ṣé o mọ̀ pé ìlú Ògún, òrìṣà irin, òrìṣà àwọn awakọ̀ àti alágbẹ̀dẹ, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́? Ìrè-Èkìtì ni. Gbogbo awakọ̀ tó ń pe Ògún Onírè kó tó ṣáná sọ́kọ̀, ìlú wa ló ń pè.

Ṣé o sì mọ̀ pé ọkùnrin tó fi Ògún ṣe òrìṣà àyànfẹ́ nínú ìwé rẹ̀ náà ló dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀? Wọlé Ṣóyínká! Ó kọ eré The Road ní 1965. Ní 1977, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ifẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, 1988, ìjọba àpapọ̀ dá FRSC, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti gbogbo Nàìjíríà, sílẹ̀, òun sì ni alága àkọ́kọ́. Orílẹ̀-èdè mélòó ló ní akéwì tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì?

Ìdí wà fún un. Ní 1982 nìkan, ojú pópó Nàìjíríà gba ẹ̀mí tó lé ní 11,000.

Ní 2023, FRSC ka òkú 5,081. Pín in sí ọjọ́: 14 lójúmọ́. Pín in sí ọ̀sẹ̀: 98.

Fi iye ọ̀sẹ̀ yẹn sọ́kàn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 kan náà, ní Pàtígì ní Kwara tó bá wa pààlà, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé àwọn tó ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ dànù. Ènìyàn tó lé ní 100 kú. Gbogbo ayé gbọ́. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ojú pópó ń pa nǹkan bí iye yẹn, ẹyọ kan níhìn-ín, ẹyọ méjì lọ́hùn-ún, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọn fèrè.

Bàálù Dana tó já lulẹ̀ ní Ìjù-Ìṣàgá ní Lagos ní June 3, 2012 ńkọ́? Ènìyàn 153 ló wà nínú rẹ̀, ẹnì kan kò yè. A kò ní gbàgbé ọjọ́ náà. Ọjọ́ 11 péré ni ojú pópó fi ń pé iye yẹn.

Ó tún ya ni lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2024, ìjàǹbá ọkọ̀ dínkù! Ó já láti 10,617 sí 9,570. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 10 nínú 100 tó fi dínkù. Inú rẹ dùn? Dúró. Òkú pọ̀ sí i, láti 5,081 sí 5,421. Ìjàǹbá dínkù ní 1,047, òkú lé sí i ní 340!

Ìyẹn sì ni èyí tí wọ́n kà. Ní 2016, iye òkú ojú pópó tí Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́ 5,053. Àjọ náà fi ìṣirò tirẹ̀ wò ó, ó ní 39,802 ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹni 109 lójúmọ́!

Nínú ìwé kan náà, òkú ojú pópó Nàìjíríà jẹ́ 21.4 nínú gbogbo ènìyàn 100,000. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 3.1. Ìlọ́po méje, ó kù díẹ̀. Gbogbo kìlómítà 9 tí mo kà fún ọ lókè yẹn, títì tiwọn ni wọ́n fi kà á o, kì í ṣe tiwa.

Àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn ní nǹkan bí ọkọ̀ 60 nínú gbogbo 100 tó wà láyé. Òkú wọn? 92 nínú 100.

Bá mi dúró ní oríta Ìfàkì, níbi tí ọ̀nà Adó, ọ̀nà Ìdó àti ọ̀nà Ọ̀yẹ́ ti pàdé. Wo ọlọ́kadà yẹn. Ó gbé ìyá kan àti ọmọ iléèwé méjì, àpò iṣu sì wà níwájú lórí táǹkì. Ó ní akoto! Ó fi okùn rẹ̀ kọ́ ìgbọ̀nwọ́ òsì. Akoto tó bá wà lórí a máa dín ewu kí orí fara pa kù ní ìdá 69 nínú 100. Lórí ìgbọ̀nwọ́, kò dín nǹkan kan kù. Ó máa ń dùn mí gan-an bí mo bá rí i.

Wo Sienna tó ń kó èrò Ìkọ̀lé náà. Fọwọ́ wá bẹ́líìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó iwájú. Wọ́n ti dì í ní kókó, wọ́n tì í sábẹ́ ìbòjú ìjókòó. Bẹ́líìtì yẹn lè gé ewu ikú ẹni tó jókòó níwájú sí ìdajì. Ìdajì!

Ta ló kọ́kọ́ ṣe irú bẹ́líìtì tó gba àyà kọjá sí ìbàdí yẹn? Nils Bohlin, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Sweden, ní 1959. Ilé-iṣẹ́ Volvo tó gbà á síṣẹ́ jẹ́ kí gbogbo àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ láyé lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́fẹ̀ẹ́ o, wọn kò gba kọ́bọ̀.

Eré ńkọ́? Tí awakọ̀ bá fi ìdá 1 nínú 100 kún eré rẹ̀, ewu ìjàǹbá tó ń pa ni a máa fi ìdá 4 lé. Tí ọkọ̀ tó gbá ẹlẹ́sẹ̀ bá kúrò lórí 50 kìlómítà ní wákàtí kan bọ́ sórí 65, ewu kí ẹni náà kú ń di ìlọ́po mẹ́rin ààbọ̀. Kìlómítà 15 péré ló fi kún un!

Ṣé o mọ ẹlẹ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbá pa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Obìnrin kan ni, Bridget Driscoll, ní Crystal Palace ní London, August 17, 1896. Wọ́n ní eré ọkọ̀ náà kò ju nǹkan bíi kìlómítà 6 ní wákàtí kan. Ìrìn ẹsẹ̀ kánkán nìyẹn! Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ṣèwádìí ikú rẹ̀ sọ pé òun nírètí pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ láé.

Ní 2021, ó ṣẹlẹ̀ sí mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn káàkiri ayé. Ẹnì kan ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 26.

Ó tó fún títì. Ibi iṣẹ́ ńkọ́?

Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, ṣírò pé iṣẹ́ ń pa mílíọ̀nù 2.93 ènìyàn lọ́dún. Nínú wọn, 330,000 péré ni ìjàǹbá pa. Àìsàn tí iṣẹ́ fà ló pa àwọn yòókù. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ó kù díẹ̀! Eruku, kẹ́míkà, èéfín. Wọn kì í pariwo.

Iṣẹ́ wo ló léwu jù ní Amẹ́ríkà? O máa ní ọlọ́pàá. Rárá o. O máa ní ẹni tó ń wa kùsà. Rárá.

Agégẹdú ni! Ní 2022, nínú gbogbo agégẹdú 100,000, iṣẹ́ náà pa 100.7. Gbogbo òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà lápapọ̀, 3.7. Ìlọ́po 27. Ẹ̀yin tó ń wọ igbó Ìkọ̀lé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgégi, iṣẹ́ yín kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn tó ń kan òrùlé: 57.5. Kápẹ́ńtà tó dúró lórí igi àjà ilé alájà méjì ní Orin-Èkìtì, tó di ìṣó mẹ́rin sẹ́nu, tó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ páànù tí òjò ti mú yọ̀, tí kò sí okùn kankan ní ìbàdí rẹ̀, iṣẹ́ yẹn kan náà ló ń ṣe. Akọpẹ tó ń gun ọ̀pẹ ga jù ú lọ, ṣùgbọ́n òun ní igbà lára! Àwọn baba wa ti mọ okùn ààbò kí òyìnbó tó kọ òfin rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ọdún 2023 sí 2024, òṣìṣẹ́ 138 ló kú sẹ́nu iṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. 50 nínú wọn, láti òkè ni wọ́n ti já bọ́. Ó sì yẹ kó o gbọ́ èyí: 138 yẹn, ojú pópó Nàìjíríà kò lo ọjọ́ 10 láti fi pé e ní 2024.

Awakọ̀ bàálù náà ńkọ́? Ìwọ tó o jókòó sẹ́yìn, ọkàn rẹ balẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ 35.9, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti òṣìṣẹ́ yòókù. Àwọn bàálù kéékèèké ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Kí ló sì ń pa òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà jù? Kì í ṣe iná. Kì í ṣe ẹ̀rọ. Ìrìnnà ni! Ìdá 37.7 nínú 100 ní 2022. Títì tún bá wa dé ibi iṣẹ́.

Òfin Nàìjíríà gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ti 2010, tí àjọ NSITF ń bójú tó, sọ pé tí ìjàǹbá bá ṣe òṣìṣẹ́ lójú ọ̀nà láti ilé rẹ̀ sí ibi iṣẹ́, ìjàǹbá iṣẹ́ ni. Owó tọ́ sí i! Ọ̀gá ló ń san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ sínú àpò náà. Ìwọ tó o ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ọ̀yẹ́ tàbí ọsibítù ńlá Ìdó, ṣé wọ́n ti sọ fún ọ rí?

Òṣùwọ̀n kan tún wà tó ti ibi iṣẹ́ wá. Kó ènìyàn 1,000 jọ. Kí kálukú ṣiṣẹ́ 2,000 wákàtí lọ́dún, fún ọdún 50, títí wọ́n á fi fẹ̀yìn tì. 100 mílíọ̀nù wákàtí gééré nìyẹn! Mélòó nínú wọn ni iṣẹ́ máa pa? Trevor Kletz, tó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà ICI, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo onímọ̀ ẹ̀rọ ń lò.

Iye àtijọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ni nìyí. Ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà: 4. Ilé kíkọ́: 67. Gígun àpáta fún eré ìdárayá: 4,000! Káà tí òṣìṣẹ́ kẹ́míkà wọ̀ lọ síbi iṣẹ́: 57. Wákàtí kan nínú káà rẹ̀ léwu ju wákàtí kan lẹ́bàá àgbá ásíìdì lọ ní ìlọ́po 14.

Bàálù nígbà náà, 240. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1990, ó ti já sí 3. Alùpùpù, 660. Ní àwọn ọdún 1990, 484. Kò fẹ́ gbà.

Ṣé o mọ̀ pé ẹnì kan ṣírò ikú àwọn tí ẹṣin fi ẹsẹ̀ ta pa? Ladislaus von Bortkiewicz, 1898. Ó mú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Prussia mẹ́wàá, ó yẹ ìwé wọn wò fún ọdún 20. Àkọsílẹ̀ 200 nìyẹn. Ẹṣin ti pa 122. Ó ní ìṣirò sọ pé 109 nínú àkọsílẹ̀ náà kò ní ní òkú kankan. Wọ́n kà á. 109! Ẹṣin tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ìgbà tó máa tani, ìṣirò mọ iye rẹ̀.

Ìbẹ̀rù wa kì í bá ìṣirò rìn ṣá. Chauncey Starr ṣírò rẹ̀ ní 1969: ewu tí a fọwọ́ ara wa yàn, a máa ń gbà á tó ìlọ́po 1,000 ewu tí wọ́n gbé lé wa lórí.

Ó sì ń pani. Lẹ́yìn ìkọlù September 11, 2001, àwọn ará Amẹ́ríkà sá fún bàálù, wọ́n rọ́ sínú káà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gerd Gigerenzer ti Jámánì ṣírò ohun tó tẹ̀lé e. Láàárín ọdún kan, nǹkan bíi 1,500 ènìyàn kú lójú títì ju iye tí ì bá kú lọ. Èrò àti òṣìṣẹ́ inú bàálù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n fi ṣe ìkọlù náà? 246. Títì tí wọ́n sá lọ bá pa ìlọ́po mẹ́fà!

Ọ̀kan péré ló kù lápò mi. Nínú òṣùwọ̀n Kletz yẹn, ẹni tó kàn jókòó sílé rẹ̀, tí kò lọ síbì kankan, tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan: 3. Bọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1990, fún iye wákàtí kan náà: 1.1. O gbọ́ mi? Ewu wákàtí kan lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì kéré sí ti wákàtí kan lórí àga pálọ̀!